Jígí Géèmù àti Ẹ̀rọ Ìfági

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ẹ, mo kí iṣẹ́, mo sì kí ìrìn àlọ àti àbọ̀ ojoojúmọ́. Ṣé ara rẹ le? Ṣé ò ń jẹun kí o tó jáde láàárọ̀, àbí omi lásán ni o ṣì ń mu lọ sí ọ́fíìsì? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Ìyá rẹ ní kí n kí ẹ, àbúrò rẹ náà kí ẹ láti ìdí máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀. Ara gbogbo wa dá, àfi ọwọ́ ọ̀tún mi tó wú, n ó sì sọ bó ṣe wú bí mo bá dé ibẹ̀. Ọwọ́ òsì ni mo fi ń kọ lẹ́tà yìí, nítorí náà bí o bá rí i tí ìlà ń gòkè tó tún ń sọ̀ kalẹ̀, má sọ pé ọtí ni bàbá rẹ mu.

Àwọn ará ilé ìwé ti wá kó ogún bẹ́ǹṣì tí mo kàn fún wọn. Wọn kò rí àbùkù kankan lára wọn, yàtọ̀ sí ọ̀kan tí wọ́n ní ó ń mì, mo sì ti ṣàlàyé fún wọn pé ilẹ̀ kíláàsì wọn ni kò tẹ́jú. Onípákó iwájú ilé wa ra ọkọ̀ tuntun, ó ń fi lọ sí ibi tí ẹsẹ̀ méjì lè gbé e dé.

Awakọ̀ tí o fi ẹrù rán dé lọ́jọ́ Ẹtì. Ó gbé àpótí méjì sílẹ̀: kọ̀ǹpútà rẹ wà nínú ọ̀kan, jígí ńlá tí wọ́n ń dè mọ́ orí wà nínú èkejì pẹ̀lú ohun ìdìmú méjì, lẹ́tà rẹ sì wà lórí rẹ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. O ní bí ènìyàn bá fi jígí náà sójú, inú géèmù gan-an ni yóò bá ara rẹ̀, kì í ṣe iwájú rẹ̀. O ní ilé ìtajà fún ẹ ní ọjọ́ mẹ́rìnlá, kí o san owó rẹ̀ tàbí kí o dá a padà. O ní kí n gbé e wò, bó bá sì tẹ́ mi lọ́rùn, kí n jẹ́ kí a ta ẹ̀rọ ìfági tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù, kí o lè fi owó rẹ̀ rà á.

Mo bínú, n kò ní purọ́ fún ẹ. Ẹ̀rọ tí mo rà fún ẹ lọ́dún tí o parí kíkọ́ iṣẹ́ káfíńtà lọ́dọ̀ mi, kí a tà á nítorí géèmù? Ṣùgbọ́n ìyá rẹ ní ìròyìn kò tó àfojúbà, ẹni tí kò tíì wò ó kò gbọ́dọ̀ bú u. Òótọ́ ló sọ. Nígbà tí mo ní kí òun náà wá wò ó, ó ní èyí tí ojú òun ń rí nínú ilé yìí ti tó òun.

Àbúrò rẹ ló so gbogbo wáyà rẹ̀ pọ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí nǹkan náà béèrè lọ́wọ́ mi ni bóyá mo gbà sí àdéhùn rẹ̀. Mo ní n kò lè gbà sí ohun tí n kò kà. Àbúrò rẹ ní gbogbo ayé kàn ń tẹ̀ ẹ́ ni, mo ní kí ó kà á fún mi. Ó kà á títí oòrùn fi kan àtàrí, ohùn rẹ̀ há, ibi kan ṣoṣo tó sì yé mi ni ibi tí wọ́n ti ní bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, àwọn kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Irú ọ̀rọ̀ yìí ni àwa oníṣẹ́ ọwọ́ náà máa ń sọ bí pákó tí oníbàárà mú wá kò bá tíì gbẹ, nítorí náà mo gbà.

Lẹ́yìn ìyẹn ó ní kí n fa ìlà yí ibi tí n ó dúró sí ká, kí n má baà kọlu nǹkan. Mo mú rúlà àti ṣọ́ọ̀kì, mo wọn ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà ní ìbú, mẹ́jọ ní gígùn, mo fà á sórí ilẹ̀ pálọ̀, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì gún régé. Àbúrò rẹ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní inú jígí ni mo ti gbọ́dọ̀ fà á pẹ̀lú ohun ìdìmú. Mo tún un fà níbẹ̀, ṣùgbọ́n tibẹ̀ wọ́, mo sì fi ti ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀ kí ìyá rẹ lè mọ ibi tí kò gbọ́dọ̀ tẹ̀.

Ọmọ mi, o kò purọ́. Mo bá ara mi nínú ilé kan. Mo wòkè, mo rí àjà. Mo wẹ̀yìn, ilẹ̀kùn wà níbẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo rí abẹ́ àga. Ẹnu yà mí. Obìnrin kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn. Mo kí i lẹ́ẹ̀mẹta, kò dáhùn, mo gbà pé etí rẹ̀ ló di, torí ojú rẹ̀ kò jọ ti ẹni tí kò lẹ́kọ̀ọ́. Ọkùnrin kan wá wọlé pẹ̀lú ìbọn. Mo bi í pé kí ló wá ṣe nínú ilé onílé. Dípò kí ó fèsì, ó yìnbọn sí mi, wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà síwájú mi pé mo ti kú.

Ọ̀rọ̀ yẹn kò dùn mọ́ ìyá rẹ nínú rárá, ó ní kí n sọ ẹni tó kọ ọ́. Ti báǹkì ni èmi ń rò ní tèmi, nítorí pé fóònù, kọ̀ǹpútà àti báǹkì, ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn fi ń gbọ́ ìròyìn, báǹkì kì í sì í sanwó fún òkú. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé mo lọ bá wọn, mo ní bí wọ́n bá gbọ́ pé mo kú, inú géèmù ni. Obìnrin tó wà nídìí fèrèsé wò mí títí, ó ní òun rí i pé mo wà láàyè, ó sì fún mi ní fọ́ọ̀mù. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo wà láàyè, mo sì buwọ́ lù ú.

Mo ti fò kọjá ọ̀rọ̀ ọwọ́ mi. Kí n tó lọ sí báǹkì, mo ti padà sínú ilé náà láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo sì rí tábìlì kan láàárín yàrá. O mọ bí a ṣe ń ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù wa: tábìlì tí a kò bá tíì fi gbogbo ara tẹ̀, a kì í sọ pé ó dára. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ìdí rẹ̀, n kò rí ìṣó, n kò rí gọ́ọ̀mù, n kò rí ibi tí igi ti wọ inú igi. Mo ní ta ló kan irú èyí. Mo dìde, mo gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé e, mo sì fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́ bí mo ti ń ṣe láti ọdún márùndínlógójì. Kò sí tábìlì. Ilẹ̀ pálọ̀ ni mo bá, ọwọ́ ọ̀tún ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní kò ṣẹ́, ó rọ́ ni, ó dè é, ó sì ní n kò gbọ́dọ̀ gbé nǹkan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Nítorí náà, mo ti wò ó, mo sì lẹ́nu ọ̀rọ̀. N kò ní bú u, ẹni tó ṣe é gbọ́n jù mí lọ. Ṣùgbọ́n ó wúwo, ọrùn ń dun ènìyàn, bó bá sì tó ìdajì wákàtí òòyì ti ń kọ́ mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kọsẹ̀ lára wáyà rẹ̀. Àbúrò rẹ ka àwọn géèmù tí wọ́n ṣe fún jígí náà, mọ́kànlá ni, mẹ́jọ nínú wọn kò ju ìtọ́wò lọ, kí ènìyàn tó mọ̀ pé òun bẹ̀rẹ̀ ó ti parí. Owó tí wọ́n ń pè é, ó tó ra kọ̀ǹpútà mìíràn pẹ̀lú géèmù ọdún mẹ́ta tí a ń fi ojú lásán wò. O ní àwọn tó bá tètè rà á ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé o rántí àga àkọ́kọ́ tí o kàn? Ẹni tó rà á ló san owó ẹ̀kọ́ rẹ. Èyí tí o kàn ṣìkẹrin dára jù ú lọ, owó rẹ̀ sì wálẹ̀, torí o kò fi pákó ṣòfò mọ́. Àwọn tó ṣe jígí yìí ṣì wà lórí àga àkọ́kọ́. Bí èmi bá jẹ́ ìwọ, n ó dá a padà, n ó sì dúró de ìkẹrin.

Ibi tí mo fẹ́ parí lẹ́tà sí nìyẹn, kí n sì fi kún un pé a kò ní ta ẹ̀rọ kankan. Ṣùgbọ́n nírọ̀lẹ́ Àbámẹ́ta yẹn, pẹ̀lú ọwọ́ tó wú, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù láti fi epo sí ẹ̀rọ náà bí mo ti máa ń ṣe ní gbogbo Àbámẹ́ta. Mo fi ọwọ́ kan ká aṣọ kúrò lórí rẹ̀. Ó ń dán. Abẹ rẹ̀ kò tíì kan pákó rí. Ìfági ọwọ́ ni mo fi fá ogún bẹ́ǹṣì yẹn, nítorí pé ẹ̀rọ náà tìẹ ni, mò ń tọ́jú rẹ̀ di ìgbà tí o bá dé. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń fojú inú rí ẹ nídìí rẹ̀, o wọ ṣòkòtò iṣẹ́, èérún igi ń fò yí ẹ ká, mo tilẹ̀ máa ń bá ẹ sọ̀rọ̀ nígbà mìíràn. Ó wá yé mi pé èmi tí mò ń bínú sí ọmọ nítorí jígí, ó pẹ́ tí mo ti fi tèmi sójú. Ó dùn mí gan-an. Mo sunkún díẹ̀, má sọ fún ìyá rẹ.

O kò ní padà wá ṣe káfíńtà. Mo mọ̀, kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Mo ti bá onípákó sọ̀rọ̀, yóò ra ẹ̀rọ náà. Tìẹ ni owó rẹ̀, bí o bá sì fi ra jígí, n kò ní bá ẹ jà, mo ti sọ tẹnu mi. Awakọ̀ ń padà bọ̀ lọ́la, òun ni n ó kó ẹrù rẹ lé lọ́wọ́ pẹ̀lú lẹ́tà yìí.

Mo mọ̀ pé o ti ń retí ibi tí n ó ti tọrọ owó. Lóṣù yìí n kò tọrọ. Ohun tí mò ń bẹ̀ ẹ́ fún ni pé kí o wálé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀, ọjọ́ náà ni wọn yóò wá gbé ẹ̀rọ náà. Onípákó ní ènìyàn tó lè gbé e, ṣùgbọ́n ìwọ ni mo fẹ́ kí a jọ gbé e jáde. Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí, ọwọ́ kan náà ló sì kù fún mi báyìí. Kí a tó gbé e, kí o tàn án, kí o fi fá pákó kan ṣoṣo. N kò tíì gbọ́ ohùn rẹ̀ lára igi rí.

Ọlọ́run á mú ẹ délé láyọ̀, á sì mú ẹ padà láyọ̀. Níbikíbi tí o bá ti ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní dojú tì ẹ́. Mo ti ṣa pákó náà sílẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ,
Káfíńtà