Ta Ló Fọwọ́ Kan Ọta Mi?

Sátidé, 6 Sẹ̀tẹ́ńbà

Ìtìjú ńlá. Oṣù tó kọjá, gbogbo ọta tí mo yìn ní pápá kíláàbù ayìnbọn wa kó ara wọn jọ sójú kan. Lónìí — ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, òmíràn ò tilẹ̀ kan bébà tí à ń yìnbọn sí. Isaiah, kápítéènì wa, ní ṣé ojú ń dùn mí ni? Ààyè ẹyọ kan ló kù nínú tíìmù tó ń lọ díje ní Scotland. Èmi tàbí Bọ̀wálé. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá ààyè yìí! Bọ̀wálé fọwọ́ gbá mi lẹ́yìn, ó ń rẹ́rìn-ín: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀." Mo ti sọ ọ́ ní Eléyín Funfun. Ẹ̀rín yẹn ti pọ̀ jù.

Sọ́ńdè, 7

Mo yẹ ìbọn wò látòkè délẹ̀. Kò sí ibi tó tú. Ẹ̀tù — èmi ni mo wọ̀n ọ́n. Èmi fúnra mi ni mò ń di ọta mi, mi ò gbẹ́kẹ̀ lé tọjà.

Ìbọn àti ẹ̀tù wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù onírin, ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ wà. Àmọ́ kòròfo ọta, idẹ lásán tí a ń rọ ẹ̀tù sí, orí tábìlì kíṣìnnì ló máa ń wà. Bọ̀wálé wá síbí lóṣù tó kọjá ká jọ fọ kòròfo wa, torí fúláàtì rẹ̀ ní Nunhead ò láàyè. Mo lọ kírun àsárì. Mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀ — èmi ọ̀dẹ̀! Bàbá mi tó ti Mùṣín wá kí wa wà nílé lóòótọ́, àmọ́ kí làwọn mọ̀ nípa ọta?

Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé.

Àtìní, 8

Mo wa báàsì láti àárọ̀. Gbogbo èrò ló jọ olè lójú mi.

Àlàrùbá, 10

Mo ti rí i!

Mo fi awò wo inú àwọn kòròfo tí mo yìn ní Sátidé. Ìdí kòròfo ni práímà wà, nǹkan kékeré tí ìbọn ń gbá tó fi ń ṣáná. Iná yẹn á gba ihò tín-ín-rín kan kọjá bọ́ sínú ẹ̀tù. Ihò náà gbọ́dọ̀ rí bákan náà nínú gbogbo wọn. Bí ọ̀kan bá fẹ̀ ju èkejì lọ, iná ò ní wọlé bákan náà. Ọta kan á sáré, ìkejì á fà, ọ̀nà jíjìn ló sì ti máa hàn. Tèmi ńkọ́? Òmíràn wà bó ṣe yẹ. Òmíràn ti fẹ̀ yàà. Òmíràn tiẹ̀ wọ́. Àpá fáìlì, irin tí a fi ń ha irin, wà létí wọn. Ọwọ́ èèyàn nìyẹn, kì í ṣe ẹ̀rọ.

Rahmah ìyàwó mi, tó ń pe ìbọn mi ní orogún òun, ní Bọ̀wálé ò lè ṣe irú ẹ̀ láéláé. Báwo ló ṣe mọ̀? Kí ló dé tó ń gbèjà rẹ̀? Mi ò bá a sọ ọ́ mọ́.

Jímọ̀, 12

Mo pàdé Eléyín Funfun ní Rye Lane lẹ́yìn ìrun. Ó gba iṣu lọ́wọ́ mi, ó bá mi gbé e dé ibùdókọ̀. Ó ní ṣé mo ti rí ohun tó fà á? Háà. Kí ló kàn án? Mo ń wo ìka rẹ̀ bóyá màá rí eruku idẹ níbẹ̀. Kò sí. Ó ti fọ̀ ọ́ nù.

Sátidé, 13

Mo kó àwọn kòròfo náà fún Isaiah. Ojú rẹ̀ le. Ó ní èyí kì í ṣeré, ìbọn lè tìtorí ẹ̀ bẹ́ mọ́ni lójú. Ó ní ta ló tún dé ìdí wọn? Mo dárúkọ.

Wọ́n pe Bọ̀wálé, wọ́n fi hàn án níwájú gbogbo wa. Ó yẹ ọ̀kan wò títí. Ó wò mí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, èmi?" Kò jiyàn! Aláìṣẹ̀ á jiyàn. Wọ́n ní kó má yìnbọn mọ́ títí ìgbìmọ̀ á fi jókòó. Ó pa àpò ìbọn rẹ̀ dé, ó lọ.

Mi ò ní purọ́ níbí: inú mi dùn.

Sọ́ńdè, 14

Isaiah ní èmi ni mò ń lọ Scotland. Alhamdulillah. Bọ̀wálé ń pè ṣáá láti alẹ́ àná — mo ti bọ́lọ́ọ̀kì nọ́ńbà rẹ̀.

Àtàlátà, 16

Yéè.

Mo tètè kúrò níbi iṣẹ́. Mo bá Bàbá ní kíṣìnnì, awò wọn wà lórí imú, fáìlì tín-ín-rín kan lọ́wọ́ wọn, kòròfo tuntun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà níwájú wọn. Wọ́n ń súfèé. Sítóòfù oníkẹrosíìnì ni Bàbá fi gbogbo ayé wọn tún ṣe ní Mùṣín. Bí ihò iná rẹ̀ bá dí, àwọn ni wọ́n ń là á. Wọ́n ní, "Mùsílíù, àwọn tó ṣe nǹkan yìí ò mọṣẹ́. Ihò rẹ̀ há jù, iná ò lè ráyè jáde. Mo ti ń bá ẹ là á díẹ̀díẹ̀ tó ò bá ti sí nítòsí. Mi ò fẹ́ máa jẹun lásán nílé ẹ."

Inú wọn ń dùn ṣìnkìn. Láti ìgbà tí wọ́n ti dé ìlú yìí, mi ò tíì rí wọn báyẹn. Mo ní, "Ẹ ṣé, Bàbá." Mo wọ yàrá, mo tilẹ̀kùn. Wọn ì bá ti fi ìfẹ́ pa mí. Bọ̀wálé wá ńkọ́?

Àlàmísì, 18

Rahmah ní kí n lọ sọ òótọ́. Ó rọrùn lẹ́nu! Bí mo bá sọ ọ́, Scotland lọ nìyẹn. Àwọn ọlọ́pàá tó fún mi ní láísẹ́ńsì á fẹ́ mọ ẹni tó ń fọwọ́ kan nǹkan ìbọn nílé mi. Ìbọn pàápàá lè lọ. Bí mo bá dákẹ́, orúkọ ọmọ ọlọ́mọ bàjẹ́ nìyẹn. Mo tún ń gbìyànjú láti fura sí Bọ̀wálé — bóyá òun ló ní kí Bàbá ṣe é? Irọ́ ni. Mo mọ̀ pé irọ́ ni.

Sátidé, 20

Mo pe Isaiah láàárọ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó ní ààyè náà ti di ti Bọ̀wálé, kí n sì mú láísẹ́ńsì mi wá. Mo ní kó jẹ́ kí èmi kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ Bọ̀wálé.

Mo fẹsẹ̀ rìn lọ sí Nunhead. Bọ̀wálé fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Èmi ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Ó dì mí mú. Mo ní Bàbá mi ló — ó ní, "Mo mọ̀." Ó ní ọjọ́ tí mo ń kírun yẹn, òun rí Bàbá pẹ̀lú fáìlì àti kòròfo kan, òun rò pé wọ́n ń bá mi ha ìdọ̀tí inú rẹ̀ ni. Ìgbà tí wọ́n fi ihò náà han òun ní kíláàbù ló tó yé òun.

Mo ní kí ló dé tí kò sọ? Ó ní, "Níwájú gbogbo wọn? Kí n ní bàbá yín fẹ́ẹ̀ pa yín, kí wọ́n wá kó ọlọ́pàá bá àgbà? Mo pè yín lálẹ́ ọjọ́ náà kí n sọ fún yín, ẹ ò gbé e. Mo rò pé ẹ mọ̀ mí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni."

Kò pariwo. Ó ní òun ò lọ Scotland, kí Isaiah wá ẹlòmíràn. Ẹnu ọ̀nà la dúró sí títí ọ̀rọ̀ fi tán. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, mi ò tíì dé ẹnu ọ̀nà yẹn kó má sọ pé, "Ẹ wọlé, Ẹ̀gbọ́n." Lónìí, kò sọ ọ́.