Àyè Tí Ìṣó Gbà Nínú Fóònù Mi

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà, ìwọ àti ọkọ rẹ, àti ọmọ tuntun tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bí? Ṣé ọmú ń dà dáadáa, ṣé ó ń jẹ́ kí o rí oorun sùn? Ọlọ́run tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀ á bá ọ wò ó, á bá ọ tọ́ ọ dàgbà. Bí o bá bi wá, a wà, a dúpẹ́. Ara bàbá yín le, àfi orúnkún wọn tó ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí òróró. Ewúrẹ́ dúdú ti bímọ, èyí funfun ń jowú rẹ̀, ó ti jẹ etí àkẹtẹ̀ wa kan. Òrùlé ilé ìdáná tí àbúrò rẹ kàn kò jò rárá lọ́dún yìí.

Mo mọ̀ pé inú ń bí ọ. Awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà ìlú yín ti jíṣẹ́ fún mi pé o ní o ti ń pè mí títí, fóònù mi ò lọ, o fi fọ́tò ọmọ ránṣẹ́ títí, màmá ò fèsì, màmá ò ṣàdúrà, ṣé torí pé obìnrin ni ọmọ náà ni. Ọmọ mi, má jẹ́ kí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tún ti ẹnu rẹ jáde mọ́. Fóònù ni mo pa. Mo pa á, mo fi ìborí mi wé e, mo sì gbé e sínú àpótí. Ìdí rẹ̀ kì í ṣe ohun tí mo lè fi rán awakọ̀ tí kì í pa ẹnu mọ́, ìyẹn ni mo ṣe jókòó tí mo mú bírò.

O mọ̀ pé ohùn àbúrò rẹ wà nínú fóònù yẹn. Àárọ̀ ọjọ́ tó ṣubú látorí òrùlé ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ nígbà náà, kó tó gun àkàbà, ló sọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi. O sì mọ ìdí tí gbogbo wa fi ń pè é ní Ìṣó, kì í yọ ìṣó kúrò lẹ́nu bó bá ti ń ṣe iṣẹ́ káfíńtà rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀ nínú fóònù, ó fi ètè há ìṣó, ó ní, màmá, ẹ má pe káfíńtà mìíràn sí ilẹ̀kùn yín o, ẹ̀sín ni ẹ máa fi mí ṣe lábúlé, bí mo bá dé n óò ṣe é. Ẹ̀rín wá gbà á, mo gbọ́ bí ìṣó ṣe bọ́ sílẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, tí kò tíì gbé ìyàwó. Títí di òní, mi ò pe káfíńtà kankan sí ilẹ̀kùn yẹn, gbígbé là ń gbé e sókè ká tó tì í.

Ọjọ́ ìsinmi nìkan ni mo máa ń gbọ́ ohùn náà. Mo rò ó pé ohun téèyàn bá ń lò lójoojúmọ́ á tán, ọṣẹ ń tán, bátìrì ń tán, mi ò sì fẹ́ kí ohùn ọmọ mi tán mọ́ mi lọ́wọ́.

Nígbà tí ìròyìn dé pé o ti bí, inú mi dùn dé ẹ̀yìn. Fóònù dún, mo gbé e, ohun tí mo rí ni ojú kan tó ṣú bí eérú, nǹkan róbótó kan ń yí lórí rẹ̀, ó ń yí, ó ń yí, ọmọ ò jáde. Mo gbé e lọ bá ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé télọ̀. Ó ní fóònù mi ti kún, kò sí àyè fún nǹkan tuntun mọ́, àfi kí òun yọ àwọn tó ti pẹ́ níbẹ̀. Mo ní ta ló pẹ́ jù. Ó tẹ̀ ẹ́ síbí, ó tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún, ó ní ohùn kan wà nísàlẹ̀ pátápátá, ó ti lé lọ́dún méjì, ṣé kí òun ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Mi ò mọ ìgbà tí mo já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé ni mo tó mọ̀ pé bàtà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni mo wọ̀ dé.

Láti ọjọ́ náà ni ọkàn mi ò ti balẹ̀. Bí yàrá bá kún, tí àlejò sì ń kan ilẹ̀kùn kíkankíkan, wọ́n á ti ẹnì kan bọ́ síta. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ lo fi ń fi fọ́tò wọ̀nyẹn ránṣẹ́, ṣùgbọ́n àbúrò rẹ lò ń tì. Ni mo bá pa fóònù. Ìyàwó télọ̀ tún wá sọ pé fóònù téèyàn bá pa pẹ́ jù a máa kú, gbogbo ohun inú rẹ̀ á sì bá a lọ. Bí mo tàn án, wọ́n á tì í jáde, bí mo pa á, á kú mọ́ inú rẹ̀. Ọmọ mi, mi ò lè sin ín lẹ́ẹ̀mejì. Ló bá di pé láràárọ̀ ni mò ń tàn án díẹ̀, àwọn iṣẹ́ tí o rán á máa rọ́ wọlé, n óò yára wò ó bóyá Ìṣó ṣì wà, n óò sì tún pa á. Lọ́jọ́ kan mo tilẹ̀ bá a sọ̀rọ̀. Mo ní, Ìṣó, sún díẹ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ ló ń bọ̀, ọmọ jòjòló ni, àyè tó máa gbà ò tó nǹkan. Kò sún. O mọ olórí kunkun ọmọ yẹn.

Bàbá yín ò dá sí i. O mọ̀ pé láti ìgbà tí a ti sin ín, wọn ò dárúkọ rẹ̀ nínú ilé yìí, bí mo bá sì fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀, ìta ni wọ́n máa ń bọ́ sí. Ó ń dùn mí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ṣàdédé ní ó tó gẹ́ẹ́, ọmọ tó wà láàyè ni kí n jẹ́ kó wọlé. Lọ́jọ́ kejì mo ti oko dé, mo ṣí àpótí, ìborí nìkan ni mo bá, bàbá yín ò sì sí nílé. Mo sáré títí dé ṣọ́ọ̀bù ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn, mò ń bá wọn jà lójú ọ̀nà bí ẹni pé wọ́n wà níwájú mi.

Mo bá wọn lórí àga, fóònù wà létí wọn, omi ń dà lójú wọn, wọn ò sì nù ún. Ìṣó ló ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Wọ́n ní kí n má bínú, tàwọn ni àwọn ní kí ọ̀dọ́mọkùnrin náà yọ. Gbogbo fọ́tò wọn, èyí tí wọ́n fi fìlà tuntun yà, èyí tí a jọ yà níwájú ilé, àti gbogbo ohùn tí wọ́n ń yá fóònù ọ̀rẹ́ wọn fi ránṣẹ́ láti oko pé oúnjẹ pẹ́. Mo ní kí ló dé. Wọ́n ní àwọn ṣì wà láàyè, bí mo bá fẹ́ rí àwọn kí n yíjú wò, bí mo bá sì fẹ́ gbọ́ ohùn àwọn, kí n jẹ́ kí oúnjẹ pẹ́.

Ká tó délé, ọmọ rẹ wọlé sínú fóònù, látorí dé ẹsẹ̀, ó ń yán, ó fi ọwọ́ kan di etí mú. Mo dúró lójú ọ̀nà, mo ṣàdúrà fún un títí àwọn tó ń kọjá fi ń bá mi ṣe àmín. Obìnrin ni, mo sì dúpẹ́ pé obìnrin ni.

Ó kan ọ̀rọ̀ owó. Ìwọ àti ọkọ rẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá owó fóònù tó ní yàrá púpọ̀, bí kò tilẹ̀ jẹ́ tuntun. Má rò pé mò ń kánjú lásán. Láàárọ̀ yìí bàbá yín pẹ́ lóko, mo mú fóònù pé kí n gbọ́ ohùn wọn, mo wá a títí, mi ò bá wọn níbẹ̀ mọ́, ẹ̀rù sì bà mí títí mo fi gbọ́ ikọ́ wọn lẹ́yìn ilé. Mo fẹ́ tètè kó wọn padà síbẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì ń bínú oúnjẹ.

Bá mi kí ọkọ rẹ. Ọ̀nà rẹ á là, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ á yè, ọmọ náà á sì gbó nílé ayé. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kó jẹ́ ohùn nìkan ló máa kù fún ọ lára ọmọ rẹ.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.