Ilé Onítáyà Lórí Irin Rélùwéè Ìrèké

Ibùdó Àwọn Onílé-Onítáyà,
Tully,
Queensland.
Ọjọ́ kẹfà, Oṣù Kẹsàn-án, 2011.

Desmond, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni ìwọ àti orúnkún rẹ? Ṣé o ti ń gun àtẹ̀gùn ilé rẹ láìbú ẹnikẹ́ni? Joyce ìyàwó rẹ ńkọ́? Ṣé ikọ́ ti fi í lọ́rùn sílẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́, àwọn ajá ńkọ́? Èmi wà láàyè. Ẹ̀yìn ń ro mí, ṣùgbọ́n oúnjẹ ń lọ. Dulcie, tí ilé onítáyà tirẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi níbí, ló ń bá mi kọ ọ̀rọ̀ yìí, nítorí o mọ̀ pé Merle ìyàwó mi ló máa ń kọ̀wé fún àwa méjèèjì kó tó kú. Mo ti sọ fún un pé ohun tí mo bá sọ ni kó kọ, kó má bá mi tún un ṣe.

Ìrèké ti sú mi, Desmond. Ìrèké lápá ọ̀tún, ìrèké lápá òsì, ó ga débi pé n kò rí nǹkan kan. Ní Ayr, wọ́n ń dáná sun oko kí wọ́n tó gé e, eérú dúdú sì bà sórí gbogbo aṣọ tí mo sá. Mo tún ṣẹ́ẹ̀tì kan fọ̀ títí, mo wá wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀. Láti Ingham wá síbí, òjò ni. Ọ̀pọ̀lọ́ kan tó tóbi bí ìkúùkù sọ bàtà mi dilé. Mo lé e, ó padà. Mo tún lé e, ó mú ìyàwó wá.

Èyí tó burú jù ni fífi ẹ̀yìn wa ilé onítáyà tí ọkọ̀ mi ń fà yìí wọ ààyè rẹ̀ ní ibùdó. O rántí Merle àti ọmọrí ìkòkò rẹ̀, ìwọ tó máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Á dúró lẹ́yìn ọkọ̀ yòówù tí mo bá ń wà, á fi ṣíbí lù ú: ẹ̀ẹ̀kan, kí n dúró; ẹ̀ẹ̀mejì, kí n bọ̀ síwájú; ẹ̀ẹ̀mẹta, kí n máa padà sẹ́yìn. Kò sọ ọ̀tún tàbí òsì fún mi rí. Ní báyìí, ibikíbi tí mo bá dé, tọkọtaya á gbé àga àti bíà jáde wá wòran.

“Ọ̀tún, bàbá, ọ̀tún!”

“Òsì ni! Ẹ má dá a lóhùn!”

“Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, kí wọ́n gbá igi yẹn, òun náà ti gbó.”

Ní Cardwell, mo gbá ẹ̀rọ omi wọn tu. Omi rú sókè, gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Rhonda ọmọ mi gbọ́. Ó ní, “Bàbá mi, bí ẹ bá tún gbá nǹkan kan sí i, mo ń bọ̀ wá gbé yín lọ sílé, màá sì ta ilé onítáyà yẹn.” Mo gbà fún un. Ṣùgbọ́n mi ò tíì dé Mossman, Desmond. O mọ̀ pé ilé tí wọ́n ti bí Merle ni mò ń lọ wò. Òun ló ní a máa jọ lọ, a ra ilé onítáyà yìí, ó wá kú.

Mo fi ìbínú kúrò ní Cardwell láìjẹun. Mo rí koríko tútù kan lẹ́bàá oko, níbi tí kò ti sí àwọn alága awòran wọ̀nyẹn. Mo yà síbẹ̀, mo gbé omi tíì kaná. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ṣúgà ni fèrè dún. Desmond, abẹ́ koríko yẹn ni irin rélùwéè ìrèké gbà kọjá, orí rẹ̀ gan-an ni ilé mi wà!

Obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀ látorí ẹ̀rọ rélùwéè, ó sanra, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ọsàn. Loretta ni orúkọ rẹ̀.

“Bàbá, ẹ ti kólé síbí nìyẹn? Ṣé tíì yẹn ti hó?”

“Ó ti hó.”

“Ẹ bu tèmi sílẹ̀, kí ẹ wá kúrò lójú irin mi. Ilé iṣẹ́ ṣúgà ń dúró de ẹrù mi.”

Kòtò ló wà níwájú mi. Ẹ̀yìn nìkan ló kù. Mo sọ fún un pé n kò lè ṣe é, pé màá gbá nǹkan.

“Ẹ ò níí gbá nǹkan kan. Ẹ má wojú mi, fèrè ni kí ẹ máa gbọ́.”

Ó padà gòkè, ó fun fèrè lẹ́ẹ̀mẹta. Kí n tó ronú, ẹsẹ̀ mi ti gbéra, ọwọ́ mi ti mọ ohun tó ń ṣe. Ó tún fun ún lẹ́ẹ̀mẹta, mo ń padà. Ó fun ún lẹ́ẹ̀kan, mo dúró gbagidi. Ilé náà ti bọ́ kúrò lórí irin, kò há.

Mo bi í léèrè ẹni tó kọ́ ọ.

“Kọ́ mi kẹ̀? Gbogbo àwa tí à ń wa rélùwéè ìrèké la mọ̀ ọ́n, bàbá. Ẹ̀ẹ̀kan dúró, ẹ̀ẹ̀mejì bọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta padà. Àwọn bàbá wa ló fi í lé wa lọ́wọ́.”

Bàbá Merle wa rélùwéè ìrèké ní Mossman títí tó fi kú. N kò bá a láyé. Gbogbo ọdún tí mo fi fẹ́ ọmọ rẹ̀, mo rò pé wèrè orí ara rẹ̀ ni ọmọrí ìkòkò yẹn, òun náà kò sì sọ fún mi. Mo fún Loretta ní tíì rẹ̀. N kò lè mu tèmi.

Nígbà tí mo dé ibí, àwọn alága tún jáde. Mo wá ọmọrí ìkòkò náà jáde, mo gbé e fún Dulcie, mo kọ́ ọ. Ilé wọlé geere. Àwọn alága gbé àga wọn padà, inú wọn kò dùn rárá. Dulcie ń lù ú le jù, kò mọ̀ ọ́n bíi Merle. Mo ní kó kọ ìyẹn náà.

Ọ̀la ni màá kọjá sí Mossman. Má sọ ti rélùwéè fún Rhonda. Kí Joyce fún mi, kí àwọn ọmọ náà, kí o sì yéé fi ọmọrí ìkòkò yẹn rẹ́rìn-ín.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ, tí kò tíì gbá nǹkan kan láti Cardwell,

Neville.