Ìdajì Owó Bàálù fún Ìyàwó

Bàbá mi àtàtà,

Mo ti lọ́kọ. Ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí, mi ò sì kọ́kọ́ sọ fún ẹnikẹ́ni nílé, ẹ̀yin náà mi ò sọ fún. Èmi àti Délé lọ sí kọ́ọ̀tù níbí ní Adó, a fọwọ́ síwèé, akọ̀wé kọ́ọ̀tù sì sọ pé a ti di tọkọtaya. Màmá rò pé ilé ìfìwéránṣẹ́ ni mo lọ. Nígbà tí mo dé, wọ́n bèèrè sítáǹbù tí wọ́n ní kí n rà bọ̀, èmi kàn ń rẹ́rìn-ín ṣáá. Ọkọ mi. Ẹ jẹ́ kí n tún un kọ, torí ó dùn ún kọ: ọkọ mi, ọkọ mi.

Ẹ mọ̀ ọ́n. Òun ni ọmọkùnrin gíga ará Ìgbẹmọ tó wá rán ṣòkòtò lọ́dọ̀ yín nígbà tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́, tí ẹ ní ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn ju aṣọ tó mú wá lọ. Ní Kano ló wà báyìí, ó ń kọ́ àwọn ọmọkùnrin ní ìṣirò. Lẹ́yìn tí ẹ lọ, àwọn ẹbí rẹ̀ wá tọrọ mi, gbogbo wa sì fi ìgbéyàwó sí ẹ̀yìn ọdún Àjíǹde. Ẹ ó bèèrè pé kí ló wá lé wa dé kọ́ọ̀tù. Bàbá, ọkọ̀ òfuurufú ni.

Délé rí i lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní Kano pé bí ọkọ bá san odidi owó láti Èkó dé Kano, ìyàwó rẹ̀ tó bá bá a wọ ọkọ̀ kan náà yóò san ìdajì. Ẹ̀dínwó náà kò ní kọjá ìgbà Kérésìmesì. Ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ rí ìwé ẹ̀rí pé ìyàwó rẹ̀ ni mí lóòótọ́, ìtọrọ kò sì ní ìwé. Bí mo ṣe lọ fi orúkọ wa sílẹ̀ ní kọ́ọ̀tù nìyẹn, òun náà tọrọ àyè lẹ́nu iṣẹ́, ó wá, a ṣe é, ó sì padà. Ó ti san owó tíkẹ́ẹ̀tì méjèèjì. Wọn kì í dá owó náà padà, wọn kì í sì í yí ọjọ́ rẹ̀.

Ẹ rántí bí ọkọ̀ òfuurufú bá ń kọjá lókè ilé wa ní Òkè-Ìlá? Ẹ ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹ ó bọ́ síta pẹ̀lú téèpù lọ́rùn, ẹ ó sì gbójú sókè títí ariwo rẹ̀ yóò fi tán. Oníbàárà á máa dúró. Ẹ kò sọ ohun tí ẹ ń rò fún mi rí. Ṣé ó wù yín láti wọ̀ ọ́ ni? Mo fẹ́ wọ̀ ọ́ fún àwa méjèèjì. Ohun tó wà lọ́kàn mi nìyẹn nígbà tí mo ń fọwọ́ síwèé, mi ò ronú kan nǹkan mìíràn.

Mo sọ fún Màmá ní ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Wọ́n ń tú gèlè wọn lọ́wọ́. Wọ́n tú u tán, wọ́n ká a dáadáa, wọ́n gbé e sórí àga. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Ta ni yóò mú ọ lọ?"

"Ọkọ̀ òfuurufú ni a máa wọ̀, Màmá. Ìdajì owó ni tèmi."

"Mi ò bèèrè ọkọ̀. Mo ní, ta ni yóò mú ọ lọ?"

Mo ti rò pé inú wọn yóò dùn sí ẹ̀dínwó náà. Ìbéèrè wọn kò yé mi títí di ọjọ́ kejì tí àbúrò yín, Ìyá Bísí, fi dé. Màmá ló ránṣẹ́ pè wọ́n. Wọ́n jókòó, wọ́n na ẹsẹ̀ wọn, wọ́n sì wò mí látòkè délẹ̀ bí ẹni tó ń wo aṣọ lọ́jà.

"Ìyàwó bàálù, kú ilé o. Ìdajì owó ni mo gbọ́ pé ó san lórí rẹ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ó dára. Ìdajì rẹ ni kó máa gbé lọ. Ìdajì tó kù yóò wà pẹ̀lú wa níbí. Apá òkè ló fẹ́ ni, àbí apá ìsàlẹ̀?"

Màmá fi ọwọ́ bo ẹnu. "Ìyá Bísí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bá a sọ òótọ́ ọ̀rọ̀."

"Òótọ́ náà ni mò ń sọ. Èmi àti àwọn ìyàwó ilé ti ń múra láti mú un lọ sí Ìgbẹmọ lẹ́yìn Àjíǹde. Tó bá ti wá di Kano, kí ọkọ rẹ̀ kọ orúkọ gbogbo wa fún àwọn oníbàálù pé ìyàwó òun ni wá, kí kálukú san ìdajì."

"Wọn ò ní gbà, mà. Ìyàwó kan ni."

"Ìyàwó kan kẹ̀? Bàbá Rábíù tó wà ní ojúlé kejì ńkọ́? Mùsùlùmí ni, ìyàwó mẹ́ta ló ní. Èwo nínú wọn ni yóò san ìdajì?"

Bàbá, mo gbé ìbéèrè náà lọ sùn. Títí di ìsinsìnyí ni mo ṣì ń rò ó. Ṣé ìyáálé ni, àbí èyí tó wọ ọkọ̀ náà?

Nígbà tí wọ́n ṣe àwàdà tán ni wọ́n wá là á yé mi. Obìnrin tó bá dá ara rẹ̀ lọ sílé ọkọ, ọjọ́ tí ìjà bá dé ni yóò mọ̀. Ẹnì kan nínú ilé ọkọ yóò bi í pé ta ló mú un wá, kò sì ní rí orúkọ kankan dá. Àwọn tó bá mú ìyàwó lọ ni ẹlẹ́rìí rẹ̀. Wọ́n á dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á rí i tí wọ́n bu omi wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n á mọ ẹni tí wọ́n fà á lé lọ́wọ́, lọ́wọ́ ẹni náà ni wọ́n á sì ti bèèrè rẹ̀ lọ́jọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ìyá Bísí ní, "Ní Kano, ta ni yóò bu omi sí ẹsẹ̀ rẹ? Ẹni tó wa bàálù?"

Màmá kò pariwo. Ohun tí wọ́n sọ kò ju pé ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni àwọn bí, pé ọwọ́ bàbá rẹ̀ kò sí mọ́ láti gbé lé e lórí, ó sì wá ku ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ náà kò tún ní rí omi. Wọ́n wọ yàrá lọ. Ó sàn kí wọ́n ti pariwo. Mo mọ̀ wọ́n, Bàbá. Bí mo bá lọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mú mi lọ, wọn kò ní bá mi jà, ṣùgbọ́n wọn kò ní fi ẹsẹ̀ tẹ ilé mi láéláé.

Mo bá mú bébà tí ẹ fi ń gé àwòṣe aṣọ, mo jókòó láti ṣírò rẹ̀, bóyá mo lè fi iye owó tó dín sọ ohun tó yè kooro fún wọn. Bàbá, ìṣirò náà bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú mọ́ mi lójú. Ẹni tó bá ń lọ sí Kano láti Adó, ọ̀nà Ìlọrin ló yẹ kó kọrí sí. Ṣùgbọ́n Èkó ni ọkọ̀ òfuurufú ti ń gbéra, nítorí náà èmi tó ń lọ sókè gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀. Owó ọkọ̀ nìyẹn. A óò sun ilé ọ̀rẹ́ Délé, a ò sì lè wọlé rẹ̀ lọ́wọ́ òfo. A óò wọ takisí lọ sí pápákọ̀ òfuurufú. Ẹrù tún wà. Wọ́n ń gbé e lé òṣùwọ̀n, èyí tó bá lé, owó ni. Mo wo ẹ̀rọ ìránṣọ tí ẹ fi sílẹ̀ fún mi, irin ni látòkè délẹ̀. Délé ní kí a fi í ránṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú irin láti Òṣogbo. Òun náà ní owó tirẹ̀.

Àwọn wọ̀nyẹn ṣì kéré. Èyí tó da orí mi rú jù ni pé Délé ti wà ní Kano. Bí èmi nìkan bá wọ ọkọ̀ náà, owó ènìyàn kan ni a ó san, ó parí. Ṣùgbọ́n kí n tó lè san ìdajì, ọkọ mi gbọ́dọ̀ jókòó sínú ọkọ̀ kan náà pẹ̀lú mi, kó san odidi. Nítorí náà yóò wọ mọ́tò láti Kano wá sí Èkó, kó lè wọ ọkọ̀ òfuurufú padà sí Kano tó ti kúrò. Ìdajì mi ti di odidi àti ààbọ̀, láìka owó mọ́tò tó gbé e wá. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Mo yí bébà náà padà, mo tún un ṣe. Ibì kan náà ló ń já sí.

Mo wá rántí yín. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé aṣọ dé láti Ọjà Ọba, tó ń yọ̀ pé òun rà á ní pọ́ọ́kú, ẹ kì í dá a lóhùn. Ẹ ó kàn tú aṣọ náà sílẹ̀, ẹ ó fi téèpù wọn ìbú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó rọra sọ fún un pé yóò tún padà lọ ra sí i, torí pé ìbú rẹ̀ kéré. Ta ni ìbá bá mi wọn ìbú tíkẹ́ẹ̀tì yìí kí a tó san owó rẹ̀? Olùkọ́ ìṣirò sì ni Délé, Bàbá. Ṣé kò ṣírò rẹ̀ ni? Àbí ó ṣírò rẹ̀ tán, tó rí i pé ó pọ̀, síbẹ̀ tó fẹ́ jókòó tì mí nígbà tí ilẹ̀ bá ń kéré sí i lábẹ́ wa? Ní àárọ̀ mo máa ń rò pé òmùgọ̀ ni àwa méjèèjì. Tó bá di ọ̀sán, inú mi á dùn débi pé mi ò ní lè jẹun.

Lọ́jọ́ tí ìyá ọkọ mi máa ń kó ìrẹsì wá sí Ọjà Ọba, Màmá ní kí n tẹ̀ lé àwọn. Wọn kò sọ ibi tí à ń lọ. Ìdí ìrẹsì ni wọ́n mú mi lọ tààrà, wọ́n sì sọ gbogbo rẹ̀ lórí ìdúró. Ìyá ọkọ mi náà kò tíì gbọ́. Wọ́n gbé kóńgò tí wọ́n fi ń wọn ìrẹsì sílẹ̀, wọ́n sì ń wò mí níbi tí mo kúnlẹ̀ sí.

"Odidi àti ààbọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ọmọ tí mo fi owó ìrẹsì rán lọ kọ́ ìṣirò. Àna mi, ẹ bá mi jókòó ti ọjà yìí, kí n lọ gba owó mi padà lọ́wọ́ ilé ìwé náà."

Màmá rẹ́rìn-ín, èyí àkọ́kọ́ láti ọjọ́ Ìsinmi. Ṣùgbọ́n ìyá ọkọ mi kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n tún bi mí pé, "Ṣé òun fúnra rẹ̀ ló ń bọ̀ wá mú ọ?"

"Òun ni, mà. Bí kò bá wá, ìdajì ò sí."

"Ṣé orí wa ló fẹ́ fò kọjá lọ sí Èkó ni? Kó kọ́kọ́ yà sílé. Kó wá dúró sẹ́nu ọ̀nà bàbá rẹ̀, kí ẹ mú ìyàwó rẹ̀ wá bá a. Èmi ni n óò bu omi sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kí bàálù máa gbé wọn lọ ibi tó wù ú."

Màmá ní, "Àjíǹde ni a fi sí, àna mi. A ò tíì ra nǹkan kan."

"Ìrẹsì rèé. Omi wà nílé. Kí lẹ tún fẹ́ rà?"

Màmá bá yíjú sí mi. Wọ́n bèèrè bóyá èmi gan-an fẹ́ kí wọ́n mú mi lọ, àbí ìwé kọ́ọ̀tù ti tó fún mi. Mo ní mo fẹ́ ẹ. Mo ní mo fẹ́ kí wọ́n mú mi lọ. Omi ti kún ojú mi, ọmọ tó ń ta ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa sì ń wò mí.

Láti ọjọ́ náà, ilé wa kò sinmi. Ohun tí a fẹ́ fi oṣù púpọ̀ ṣe la ń fi ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣe. Ìyá Bísí ti bá onílọ́rì sọ̀rọ̀ nítorí àwọn ìyàwó ilé. Délé ti kọ̀wé pé òun yóò yà sí Ìgbẹmọ. Bí mo bá da gbogbo ìnáwó náà pọ̀, ó jọ pé tíkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú yìí ni nǹkan tó wọ́n jù tó wọlé wa láti ìgbà ìsìnkú yín. Ṣùgbọ́n bí kì í bá ṣe pé ó wọ́n tó bẹ́ẹ̀, tó sì fi dandan mú Délé wá láti Kano, kò sí ẹni tí ìbá wà lẹ́nu ọ̀nà tí wọn ì bá fà mí lé lọ́wọ́. Ṣé ó wọ́n ni, Bàbá, àbí kò wọ́n? Mi ò mọ̀ mọ́. Mo kọ́ ìwé dé Fọ́ọ̀mù Fáìfù, mi ò mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀gbọ́n yín ni yóò gbé ọwọ́ lé mi lórí kí n tó jáde nílé. Ọwọ́ wọn ti ń gbọ̀n. N óò pa ojú mi dé nígbà náà, èmi ni n óò sì mọ ọwọ́ ẹni tó wà lórí mi.

Èmi ni, ọmọ yín tí ẹ fi àjákù aṣọ gbogbo oníbàárà rán búbà fún, tí inú rẹ̀ ń dùn, tí orí rẹ̀ sì dàrú.

Màmá ti ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí, mi ò sì fẹ́ kó jẹ́ ẹ̀yin nìkan ni kò gbọ́. Kí gbogbo ènìyàn ti dé ilé wa ní Òkè-Ìlá kí ilẹ̀ tó ṣú, ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kìíní oṣù Disẹ́ńbà, kí wọ́n lè mú mi lọ sí Ìgbẹmọ.