Òkun Ti Dákẹ́ Díẹ̀, Ọkọ Mi

Ọdún mẹ́ta rèé tí o lọ, ọkọ mi. Ọdún mẹ́ta rèé tí fíríìjì ilé wa ti ń pariwo, tí kò sí ẹni tó ń lọ pa á. Mélòó mélòó ni ọbẹ̀ tó kan nílé yìí nítorí pé o fẹ́ fetí sí ohùn òkun tí o gbà sílẹ̀ ní pálọ̀, o pa fíríìjì, o sì gbàgbé láti tàn án padà! Mélòó mélòó ni mo bá ọ jà lé e lórí!

Mo mọ ohun tí o kọ́kọ́ fẹ́ gbọ́. Ọ̀rọ̀ ilé ni màá fi ṣáájú, kí o ní sùúrù díẹ̀, ìwọ tí o kì í ní sùúrù fún ẹnikẹ́ni àfi ẹja.

Yàrá òkè tí o fi sílẹ̀ láìní òrùlé ti parí. Àbíkẹ́yìn wa ti ga jù mí lọ, bàtà rẹ ti bá a lẹ́sẹ̀ mu. Ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi ṣì wà lẹ́bàá títì, níbi tí o lé mi lọ nítorí ariwo máṣíìnì. Inú bí mi nígbà náà, àmọ́ ibẹ̀ ni àwọn oníbàárà ti rí mi, torí náà o ṣeun.

Ó yá, ó kan òkun.

Elétí Òkun ni wọ́n ń pè ọ́ níbi iṣẹ́. Lẹ́nu ọ̀nà èbúté ni o ti máa ń ri máìkì sínú omi, tí o ń wọn ariwo tí abẹ̀bẹ̀ irin ìdí ọkọ̀ ńláńlá ń pa nísàlẹ̀. O máa ń sọ fún wa pé ohùn ni àbùùbùtán, ẹja ńlá yẹn, fi ń mọ ibi tí ọmọ rẹ̀ wà, àti pé tí ọkọ̀ bá ti bo ohùn náà, ìyá á pe ọmọ títí, ọmọ ò ní gbọ́. O bẹ àwọn ọ̀gá ọkọ̀ pé kí wọ́n máa rọra kọjá ní àsìkò tí àwọn ẹja náà bá kó ọmọ wá. Wọ́n ní o fẹ́ fi àkókò àwọn ṣòfò. O bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi gbà láti dán an wò. Àsìkò ọ̀hún kò tíì pé tí àìsàn fi mú ọ lọ. Ìyẹn ló dùn mí jù. O béèrè, o ò dúró gbọ́ èsì.

Èsì náà nìyí. Wọ́n rọra kọjá lóòótọ́. Àkọ́bí wa obìnrin ló gba máìkì rẹ, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ tó ń wa ọkọ̀ yín ni wọ́n jọ ń lọ. Ariwo náà lọ sílẹ̀. Kò tán pátápátá o, ọ̀gá ọkọ̀ kan ṣì wà tó máa ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé, àmọ́ ó lọ sílẹ̀ dáadáa. Wọ́n ní kì í ṣe ìdánwò mọ́, bí àwọn á ṣe máa rìn lọ́dọọdún nìyẹn.

Nírọ̀lẹ́ àná, àkọ́bí gbé ohun tí wọ́n gbà sílẹ̀ wá sílé. Ó ní, "Màmá, ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ pa fíríìjì." Ìwọ gan-an ni mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. O rántí pé nígbàkígbà tí o bá fi ohùn òkun sí mi létí, mo máa ń sọ pé ìrẹsì tó ń hó ni mò ń gbọ́, tí wàá sì bínú? Lánàá, mo gbọ́ àbùùbùtán kan tó pe ìpè gígùn. Ohùn kékeré kan sì dá a lóhùn. Mo sunkún. Àbíkẹ́yìn náà sunkún, ó ní eruku ló kó sí òun lójú. Mo yíjú sí àga rẹ kí n sọ fún ọ pé mo ti gbọ́ ọ, pé o jàre.

Láàárọ̀ òní, ọjọ́ ìrántí rẹ gan-an, ni mo tó rántí pé a ò tan fíríìjì padà. Odindi ìkòkò ọbẹ̀ ti kan. Mo la ẹnu láti jà, mi ò rí ẹni bá jà.

A ṣì ń ṣàárò rẹ, ọkọ mi. A ṣì fẹ́ràn rẹ. Gbogbo ọbẹ̀ ilé yìí ni ǹ bá fi sílẹ̀ kó kan, tó bá jẹ́ pé ìwọ lo pa fíríìjì náà.