Ta Ló Gba Orin Lẹ́nu Olórin?

Olóòtú ètò rédíò wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má dárúkọ mi, ìlú Memphis yìí ò tóbi tó bẹ́ẹ̀.

Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni ọkọ mi àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń jiyàn nídìí ẹja díndín lórí eré olórin kan tó ń kọ sóòlù, orin ẹ̀dùn ọkàn àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, tí gbogbo wa lọ wò, kí èmi àti ọkọ mi tó mọ ara wa. Olórin náà bú sẹ́kún láàárín orin, obìnrin kan sì gba orin náà lẹ́nu rẹ̀ láti ìjókòó òkè, bí a ti ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Roscoe, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ náà, ní obìnrin náà ga, ó wọ aṣọ pupa.

Thaddeus ní, "Ìwọ tí ò ń sùn! Funfun ló wọ̀."

Ọkọ mi ní, "Ká ní mo rí i lọ́jọ́ náà ni, òun ni ǹ bá fẹ́."

Èmi kúkúrú yìí ni o, aṣọ búlúù ni mo wọ̀. Ohùn mi ò sì tíì ṣá. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, màá kọ orin náà létí ọkọ mi. Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n jẹ́ kó jẹ ẹja díndín rẹ̀ tán ná, kí eegun má baà há a lọ́fun?