Àpò Omi Méjì àti Ṣọ́ọ̀kì Kan

Ọjọ́ Ajé, 3 Ẹrẹ́nà
Àkọ́bí mi, tíṣà, ló ra ìwé yìí fún mi. Ó ní kí n máa kọ ibi tó bá ń dùn mí sí i. Kò sí ibi tó ń dùn mí. Òkúta inú kíndìnrín ni wọ́n lọ fi ẹ̀rọ ayàwòrán wò lóṣù tó kọjá, òkúta ti jáde — wọ́n wá lọ rí nǹkan mìíràn tí ẹnikẹ́ni ò rán wọn. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà. Ilé mẹ́rin ni mo kọ́. Kí àwọn tó kà jù mí lọ wá ka tiwọn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 Ẹrẹ́nà
Mo rí dókítà náà. Ọmọbìnrin! Kò tó àbígbẹ̀yìn mi lọ́jọ́ orí, ohùn rẹ̀ ò kọjá tábìlì. Mo ti sọ ọ́ ní Kíńkín. Kíńkín ní àpò omi kéékèèké méjì wà lára páńkíríásì mi. Orúkọ bí orúkọ oògùn eku. Ó ní ẹran kan ni, tó sùn sẹ́yìn ikùn, òun ló ń ṣe omi tó ń da oúnjẹ. Àpò náà kéré, wọ́n lè má di nǹkan kan láéláé, ká ṣáà máa ṣọ́ wọn.
Mo dìde. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó, mi ò tíì parí." Ó ní àwọn kan wà tó ní irú àpò yìí, jẹjẹrẹ a máa yọ sí wọn níbòmíràn lára, kódà bí àpò fúnra rẹ̀ bá dákẹ́. Òun ò sọ pé àpò ló ń fà á o. Àmọ́ òun fẹ́ yẹ ìfun ńlá mi wò, torí ọdún méjìdínláàádọ́rin tí mo ti wà láyé, ẹnikẹ́ni ò wò ó rí.
Mo bi í pé ibo ló máa gbà wọlé.
Ó sọ fún mi.
Mo dé fìlà mi, mo jáde.

Ọjọ́bọ̀, 6 Ẹrẹ́nà
Ìyá Ilé ò bá mi sọ̀rọ̀. Ilé pa rọ́rọ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 9 Ẹrẹ́nà
Àkọ́bí wá bẹ̀ mí. Ohun tí ìwé kíkà ń fà nìyẹn: wọ́n rí i níhìn-ín, wọ́n ń lọ wá a lọ́hùn-ún. Mo sọ fún un pé ọwọ́ mi yìí ló jó irin pọ̀ ṣe táǹkì omi tó wà lórí ilé ìwòsàn wọn. Àwọn tó ń mu omi mi ló fẹ́ wo ìdí mi. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ta ló ń bá a ṣeré?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 Ẹrẹ́nà
Abùlẹ̀ dójú tì mí lónìí. Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń jó irin lábẹ́ mi, làákàyè rẹ̀ ò tíì kọjá ihò kan. Táǹkì orí ilé ẹ̀kọ́ ń jò, mo rán an lọ. Ó lẹ irin pélébé mọ́ ojú ibi tó ń jò, ó kùn ún lọ́dà, ó wálé. Láàárọ̀ yìí ni ìdí táǹkì já. Omi bo gbogbo tábìlì kíláàsì. Ọpẹ́lọpẹ́ pé àwọn ọmọ ò tíì wọlé.
Mo pè é síta ṣọ́ọ̀bù. Mo ní, "Ìwọ yìí, ṣé ojú ihò yẹn nìkan ni omi ń dé? Irin kan náà, omi kan náà, ọjọ́ kan náà la jó gbogbo ẹ̀!" Ogójì ọdún ni mo ti ń ṣe é: pọn omi kún un dé ẹnu, nù ún gbẹ, fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí o wá yí i po pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì. Ibi tó bá ń làágùn, fàlà sí i. Èyí tó ń jò kọ́ là ń wá. Èyí tí kò tíì jò là ń wá.
"Ẹ má bínú, ọ̀gá, ihò kan ni wọ́n fi hàn mí."
Olódo!
Àfi bí Ìyá Ilé ṣe gbé oúnjẹ mi dé. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu ẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ kan: "Bàbá Tíṣà, ohun tí ọmọ dókítà yẹn bá yín sọ gan-an lẹ ń pariwo mọ́ Abùlẹ̀ yẹn." Níwájú àwọn òṣìṣẹ́ mi! Abùlẹ̀ dorí kodò. Ẹ̀rín ló ń rín. Mo rí èjìká rẹ̀.

Ọjọ́rú, 12 Ẹrẹ́nà
Mi ò jẹun. Kì í ṣe tìtorí ọ̀rọ̀ obìnrin.

Ọjọ́ Ajé, 17 Ẹrẹ́nà
Mo lọ. Kíńkín bi mí pé kí ló yí mi lọ́kàn padà. Mo yọ ṣọ́ọ̀kì kan lápò, mo gbé e ka orí tábìlì rẹ̀. "Gbà. Yí mi po." Kò yé e. Àfi ìgbà tí mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wo táǹkì. Ó tún ń kọ ọ́ sílẹ̀! Gbogbo ìwé tó kà.

Ọjọ́ Ẹtì, 28 Ẹrẹ́nà
Lánàá, oògùn tí wọ́n ní kí n mu gbá inú mi mọ́ débi pé ilé ìyàgbẹ́ ni mo fi ṣe pálọ̀. Lónìí wọ́n kùn mí lóorun. Mo jí. Kíńkín ní òun rí ẹran kan tó hù nínú ìfun, kò ju ẹ̀pà lọ. Òun ti gé e, ó ti lọ fún àyẹ̀wò.
Ẹ̀pà. Èmi tí mo kọ́ ilé mẹ́rin.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1 Ìgbé
Èsì ò tíì dé. Ìyá Ilé di ọwọ́ mi mú láti ìgbà tí a ti jẹun tán. Mo gbà fún un. Òun lẹ̀rù ń bà.

Ọjọ́ Ẹtì, 4 Ìgbé
Èsì dé. Ẹ̀pà yẹn ti bẹ̀rẹ̀ sí í di jẹjẹrẹ. Kò tíì ràn. Gbogbo rẹ̀ ló bá ọ̀bẹ Kíńkín jáde. Àpò omi méjèèjì tí wọ́n tìtorí wọn pariwo ṣì wà níbi tí wọ́n wà, wọ́n dákẹ́ jẹ́ẹ́ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ò kàn.
Àkọ́bí ń sunkún. Mo ní kó lọ nu imú rẹ̀.
Kíńkín wá ní kí n padà wá lẹ́yìn ọdún kan kí òun tún yẹ̀ ẹ́ wò. Ọdún kan! Mo ní, "Dókítà, bí Abùlẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Oṣù mẹ́fà." Ó ní ọdún kan ti tó, Bàbá. Ọ̀lẹ.
Ṣọ́ọ̀kì mi wà nínú ife tó ń kó gègé sí. Mo nawọ́ kí n mú un. Mo tún fi í sílẹ̀. Ó ṣì máa lò ó.